Lẹ́ńsì Onídígí Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Òde Òní

Ẹni tí ó bá ti fi kámẹ́rà ya ẹyẹ tí ó bà sórí igi gíga rí yóò mọ ìjákulẹ̀ tí ó máa ń tẹ̀lé e. Lójú lásán, ẹyẹ náà hàn: àgógó rẹ̀ hàn, àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ sì hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bá jáde, ẹyẹ á ti di àmì dúdú bíńtín kan láàárín ewé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òṣùpá àrànmọ́jú ṣe máa ń di ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan nínú òkùnkùn. Kì í ṣe kámẹ́rà ni ó jẹ̀bi. Lẹ́ńsì tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni kò gùn tó. Lẹ́ńsì tí ó gùn tó wà lọ́jà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju owó kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti gbà pé àwòrán ohun tí ó jìnnà kì í ṣe ti àwọn.

Ẹ̀wẹ̀, irú lẹ́ńsì kan wà tí àwọn ayàwòrán lò gan-an láàárín ọdún 1960 sí 1990, tí ọ̀pọ̀ wọn sì pa tì lẹ́yìn náà. Lẹ́ńsì onídígí ni. Ó kúrú, ó sanra, kò wúwo púpọ̀. Síbẹ̀ ó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni bí èyí tí ó gùn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Lónìí, àlòkù rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀, kò sì wọ́n tó èyí tí ó jẹ́ ojúlówó tuntun. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a dáhùn ni èyí: kí ni ó fà á tí wọ́n fi pa á tì, ǹjẹ́ ìdí náà sì ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di òní?

Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Lẹ́ńsì Gùn

Iṣẹ́ lẹ́ńsì ni láti kó ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Ibi tí àwọn ìtànṣán tí ó ń ti òkèèrè bọ̀ ti ń pàdé ni àlàyé yìí yóò máa pè ní ojú-ìpàdé. Àyè tí ó wà láàárín lẹ́ńsì àti ibẹ̀ ni ìwọ̀n ojú-ìpàdé, mílímítà ni wọ́n sì fi ń kà á. Òun ni nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sí ara lẹ́ńsì: 50, 135, 500. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ohun tí ó jìnnà ṣe ń tóbi tó.

Òṣùpá jẹ́ àpẹẹrẹ tí olùkọ́ lè lò fún kíláàsì rẹ̀. Bí a bá pín ìwọ̀n ojú-ìpàdé sí ọ̀nà 110, ìdá kan rẹ̀ ni fífẹ̀ àwòrán òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́. Lẹ́ńsì onímílímítà 50 yóò ya òṣùpá tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì mílímítà. Èyí tí ó jẹ́ 500 yóò ya òṣùpá onímílímítà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ti 1000 yóò sì ya ti mílímítà mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ gíga ojú fíìmù tí ó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní 35 mm, kò ju mílímítà 24 lọ. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ẹni tí ó fẹ́ rí ojú òṣùpá dáadáa gbọ́dọ̀ wá lẹ́ńsì onímílímítà 500 ó kéré tán.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì nìkan ni wọ́n fi ṣe lẹ́ńsì onímílímítà 500, gígùn rẹ̀ kì í jìnnà púpọ̀ sí mílímítà 500 náà, ó sì máa ń wúwo. Yàtọ̀ sí èyí, gíláàsì kì í ṣẹ́ gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí ń mú kí òṣùmàrè yọ lójú ọ̀run náà ni: bí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba inú ẹ̀kán omi kọjá, pupa ya sọ́tọ̀, búlúù ya sọ́tọ̀. Nínú lẹ́ńsì gígùn, pupa àti búlúù kì í fẹ́ pàdé ní ojú kan, etí ohun tí a yà á sì ní ìlà aláwọ̀ tí kò sí lára rẹ̀. Àtiwo àrùn yìí sàn gba gíláàsì àkànṣe, gíláàsì àkànṣe sì gba owó gọbọi.

Dígí kò ní àrùn yìí. Dígí ń ta gbogbo àwọ̀ padà ní igun kan náà. Nítorí náà, bí dígí ni ó bá ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ, àwọ̀ kì í ya kúrò lára àwọ̀.

Bí Dígí Ṣe Wọ Inú Lẹ́ńsì

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wo ìràwọ̀ ni ọgbọ́n yìí ti wá. Ní ọdún 1668, Isaac Newton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe awò awọ̀nàjínjìn tí ó ń fi dígí dípò gíláàsì kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ní 1672, wọ́n gbé ètò ọmọ ilẹ̀ Faransé kan jáde, Laurent Cassegrain ni orúkọ rẹ̀. Ètò yìí ni ó wà nínú lẹ́ńsì onídígí títí di òní. Dígí ńlá kan tí ó tẹ̀ bí inú abọ́ wà ní ìsàlẹ̀ agolo lẹ́ńsì, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Dígí kékeré kan wà ní iwájú, ó kọjú sí ti ńlá. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé láti iwájú, á kọ lu dígí ńlá, á ta padà síwájú, á kọ lu dígí kékeré, á tún ta padà sẹ́yìn, á sì gba inú ihò náà jáde lọ bá fíìmù. Ìrìn mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ rìn nínú agolo kan ṣoṣo. Bí ènìyàn ṣe lè ká okùn gígùn sínú àpò kékeré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ká ojú-ìpàdé gígùn sínú agolo kúkúrú. Dígí kékeré náà sì wú síta bí ẹ̀yìn abọ́. Ó ń sún ibi ìpàdé ìmọ́lẹ̀ síwájú sí i, ìwọ̀n ojú-ìpàdé sì tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìṣòro kan kù. Dígí tí ó rọrùn jù láti gé ni èyí tí ó tẹ̀ bí ara bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nínú irú dígí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó kọ lu etí àti èyí tí ó kọ lu àárín kì í pàdé ní ojú kan, àwòrán a sì máa ṣú. Ní ọdún 1930, Bernhard Schmidt wá ojútùú sí i ní ilé-ìwòràwọ̀ Hamburg ní Jámánì. Ọmọ erékùṣù Naissaar ní Ẹstóníà ni Schmidt. Ẹ̀tù tí ó fi ń ṣeré ní ìgbà èwe ni ó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì ni ó sì fi ń yún gíláàsì. Ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan síwájú dígí, ó sì yún ojú rẹ̀ lọ́nà tí ó fi ń tún àṣìṣe dígí ṣe kí ìmọ́lẹ̀ tó débẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yún irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣòro, kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ lè máa ṣe ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ní ọdún 1941 ni ọ̀rọ̀ náà bá ibòmíràn yọ. Ogun Jámánì ti wọ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń kó àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ kúrò ní Leningrad lọ sí ìlú Yoshkar-Ola. Dmitri Maksutov wà lára àwọn tí wọ́n ń kó lọ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ohun tí ó ń rò lójú ọ̀nà ni awò awọ̀nàjínjìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa lò. Ó mọ̀ pé ojú dígí kì í pẹ́ bàjẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé, eruku àti ọ̀rinrin bá ń dé ibẹ̀. Ó rò pé kí òun fi gíláàsì bo ẹnu rẹ̀. Bí ó ti ń rò ó síwájú, ó rí i pé bí ìdérí náà bá tẹ̀ kọdọrọ, tí inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ bí ara bọ́ọ̀lù, òun náà yóò ní àṣìṣe tirẹ̀, àṣìṣe yìí yóò sì jẹ́ òdì-kejì àṣìṣe dígí. Èkínní yóò pa èkejì rẹ́. Ohun tí ó fẹ́ fi ṣe ìdérí ni ó di oògùn. Níwọ̀n bí gbogbo ojú tí a ó yún sì ti tẹ̀ bí ara bọ́ọ̀lù, ilé-iṣẹ́ lè ṣe é ní púpọ̀, kí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Láti inú ìrònú nípa ilé-ìwé ni ètò tí a fi ń dá orúkọ Maksutov mọ̀ ti jáde.

Lẹ́yìn ogun, ilé-iṣẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì fi ètò yìí ṣe lẹ́ńsì kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní MTO, ti mílímítà 500 àti ti 1000. Àwọn lẹ́ńsì wọ̀nyí gba ẹ̀bùn ńlá ní Ìpàtẹ Àgbáyé tí ó wáyé ní Brussels ní 1958. Àwọn ará Jàpáànù kò gbẹ́yìn. Nikon, Canon, Minolta àti Tamron ni wọ́n ṣe tiwọn, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni ti mílímítà 500 tí ìwọ̀n ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ f/8. Ọ̀kan tí Nikon ṣe ní àwọn ọdún 1980 kò gùn ju mílímítà 109 lọ, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 840. Ẹni tí ó bá gbé e sínú àpò kò ní mọ̀ pé lẹ́ńsì onímílímítà 500 ni òun gbé.

Ìdí Tí Wọ́n Fi Pa Á Tì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí kò mọ ijó í jó ni í sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ní ti lẹ́ńsì yìí, ilẹ̀ kò tẹ́jú lóòótọ́ nígbà ayé fíìmù.

Ìdí kìíní ni pé ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹ̀, kò sì ṣeé fún. Lẹ́ńsì mìíràn ní ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ tí a lè ṣí gbayawu tàbí kí a sún kì; lẹ́ńsì onídígí kò ní, nítorí pé dígí kékeré ti gba àárín ojú rẹ̀. Ní f/8, ohun tí ayàwòrán ń rí nínú ojú-ihò kámẹ́rà ṣókùnkùn. Gíláàsì kékeré tí àwọn kámẹ́rà ìgbà náà ní láàárín ojú-ihò, tí ó ń pín àwòrán sí méjì láti fi hàn bí ó bá ti mọ́ kedere, yóò sì dúdú ní apá kan. Ìdákọ ni ayàwòrán fi ń mọ ibi tí ó yẹ kí òun yí lẹ́ńsì dé.

Ìdí kejì ni fíìmù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ki fíìmù 100 tàbí 400 sínú kámẹ́rà ti di ẹrú rẹ̀ títí àwòrán 36 yóò fi tán. Bí ìkúùkù bá bo oòrùn, kò lè fẹ ihò lẹ́ńsì, kò sì lè yí agbára fíìmù padà. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni kí kámẹ́rà pẹ́ lójú kí ó tó pa á dé. Pípẹ́ yìí gan-an ni ọ̀tá lẹ́ńsì gígùn, nítorí pé bí ó ti ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ìgbọ̀n ọwọ́ di ńlá.

Ìdí kẹta ni pé àwòrán rẹ̀ máa ń rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ìgbà pípẹ́: dúdú rẹ̀ kì í dúdú tán, funfun rẹ̀ kì í funfun tán. Ìdí kẹrin ni ìyípadà tí ó dé sí kámẹ́rà. Ní 1985, Minolta gbé kámẹ́rà kan jáde tí ó ń fúnra rẹ̀ yí lẹ́ńsì títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀lé e. Lẹ́ńsì onídígí kò lè bá wọn rìn. Ọ̀kan tí Minolta ṣe ní 1989 nìkan ni ó dá yàtọ̀ láàárín àwọn lẹ́ńsì onímílímítà 500 ìgbà náà. Lékè gbogbo rẹ̀, ayàwòrán kò lè mọ àṣìṣe rẹ̀ títí wọn yóò fi fọ fíìmù. Nígbà yẹn, ẹyẹ ti fò lọ, owó sì ti ná.

Ohun Tí Kámẹ́rà Òde Òní Yí Padà

Nínú kámẹ́rà díjítà, fíìmù ti kúrò, sẹ́ńsọ̀ ni ó rọ́pò rẹ̀: awo pẹlẹbẹ kan tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń sọ ọ́ di iná mànàmáná tí kámẹ́rà lè kà. Ìyípadà tí ó ṣe pàtàkì jù fún lẹ́ńsì àtijọ́ ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, nígbà tí Panasonic gbé kámẹ́rà G1 jáde. Kámẹ́rà ìgbà ìṣáájú ní dígí tirẹ̀, èyí tí ó máa ń fò sókè nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Kò yẹ kí a da dígí yìí pọ̀ mọ́ ti inú lẹ́ńsì. Kámẹ́rà tuntun náà kò ní irú dígí yìí mọ́, nítorí náà ikùn rẹ̀ kò jìn.

Àìjìn ikùn yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún lẹ́ńsì àtijọ́. Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe fún ìwọ̀n àyè kan láàárín ẹnu kámẹ́rà àti fíìmù. Ti lẹ́ńsì elẹ́nu M42, irú èyí tí ọ̀pọ̀ MTO ní, jẹ́ mílímítà 45.46, ti Nikon àtijọ́ jẹ́ 46.5; ti Canon FD jẹ́ 42. Ti kámẹ́rà Sony elẹ́nu E kò ju 18 lọ, ti Nikon elẹ́nu Z jẹ́ 16. Bí a bá fẹ́ lo lẹ́ńsì M42 lórí Sony, òrùka irin tí ó jìn tó mílímítà 27.46 ni yóò dí àlàfo náà, gbogbo rẹ̀ á sì bára mu. Òrùka yìí kò ní gíláàsì nínú, kò ní wáyà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ikùn kámẹ́rà bá jìn ju èyí tí wọ́n ṣe lẹ́ńsì fún, òrùka kò lè yọ kúrò nínú ohun tí ó ti pọ̀ jù. Lẹ́ńsì á máa rí ohun ìtòsí, kò ní rí ohun òkèèrè kedere.

Èkejì ni pé ohun tí ojú-ihò kámẹ́rà tuntun ń fi hàn jẹ́ àwòrán tí sẹ́ńsọ̀ ti gbà, kámẹ́rà sì lè mú un mọ́lẹ̀ sí i. Òkùnkùn f/8 kò dá ojú dúró mọ́. Ayàwòrán lè sọ ibi kékeré kan, bí ẹyinjú ẹyẹ, di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá kí ó tó yí lẹ́ńsì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà sì wà tí ó ń fi àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò yí etí ohun tí ó bá ti mọ́ kedere ká. Ìdákọ ti di ìríran.

Ẹ̀kẹta ni agbára ìgbàmọ́lẹ̀, tí a mọ̀ sí ISO, èyí tí ó ṣeé yí padà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Nínú oòrùn tí ó mú ganrínganrín, ISO 400 ní f/8 yóò jẹ́ kí kámẹ́rà pa ojú dé láàárín ìdá kan nínú 1600 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ìkúùkù bá dé tí ìmọ́lẹ̀ sì dín kù sí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́jọ, ayàwòrán lè gbé e sí 1600 tàbí 3200, kí ó sì máa bá ìyára kan náà lọ. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ ìmúdúró tí ó wà nínú àwọn kámẹ́rà kan, èyí tí ó ń mi sẹ́ńsọ̀ ní òdì-kejì ìgbọ̀n ọwọ́. Ẹ̀karùn-ún ni pé àwòrán tí ó rẹ̀ ṣeé tún ṣe: kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà lè fà dúdú àti funfun jìnnà síra wọn láàárín ìṣẹ́jú kan.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí pẹ̀lú: sẹ́ńsọ̀ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kéré ju ojú fíìmù lọ, àárín àwòrán nìkan ni ó ń gbà. Lórí irú èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, lẹ́ńsì onímílímítà 500 yóò fi ohun tí ti 750 ìbá fi hàn lórí fíìmù hàn. Lórí irú ti G1, yóò fi ti 1000 hàn.

Àbùkù Tí Kò Lọ

Ẹni tí ó bá sọ pé gbogbo àbùkù lẹ́ńsì yìí ti tán kò sọ òtítọ́. Àkọ́kọ́ ni òrùka. Níwọ̀n bí dígí kékeré ti dí àárín ojú lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti etí nìkan, bí òrùka. Nítorí náà, gbogbo ohun dídán tí ó wà lẹ́yìn tàbí níwájú ohun tí a ń yà, bí omi tí oòrùn ń tàn sí tàbí àlàfo ìmọ́lẹ̀ láàárín ewé, yóò di òrùka wẹ́wẹ́. Kọ̀ǹpútà kò lè yọ wọ́n kúrò tán. Ọgbọ́n tí ó wà ni kí ayàwòrán yan ẹ̀yìn tí kò dán: ògiri, ojú ọ̀run, pápá koríko tí ó jìnnà.

Èkejì ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé kò tó èyí tí f/8 ń pè é. Bí dígí kékeré bá gba ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún fífẹ̀ ojú lẹ́ńsì, ìdá mẹ́rin nínú ìdá 25 ìmọ́lẹ̀ ni ó ti dí. Ẹ̀kẹta ni pé ibi tí ó ń mọ́ kedere tín-ín-rín. Bí ẹyẹ bá wà ní mítà mẹ́wàá, gbogbo àyè tí yóò mọ́ kedere síwájú àti sẹ́yìn kò tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ̀kẹrin ni afẹ́fẹ́. Ooru ọ̀sán máa ń mú kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n lórí ilẹ̀, bí a ti ń rí i lórí ọ̀dà títì. Ọyẹ́ sì máa ń fi eruku kún ojú ọ̀run. Bí ohun tí a ń yà bá ṣe jìnnà tó ni a ṣe ń ya afẹ́fẹ́ mọ́ ọn tó. Kò sí kámẹ́rà tí ó lè wo èyí sàn. Àfi kí ènìyàn jí ní kùtùkùtù, tàbí kí ó súnmọ́ ohun tí ó fẹ́ yà.

Bí A Ṣe Ń Rà Á Àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ó yẹ kí a fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú lẹ́ńsì. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun funfun tí ó nà bí òwú aláǹtakùn lórí gíláàsì tàbí dígí, tí ọ̀rinrin máa ń mú hù, lè ti jẹ ojú dígí. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà. Lẹ́yìn èyí, kí a yí òrùka rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láti mọ̀ bóyá ó gan. Bákan náà, àwọn lẹ́ńsì kan, bí irú ti Nikon, ní gíláàsì kékeré kan tí a ń dè mọ́ ìdí wọn. Ara ètò lẹ́ńsì ni gíláàsì yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ lẹ́ńsì kò pé.

Bí wọ́n bá ti de lẹ́ńsì mọ́ òrùka àsopọ̀, kámẹ́rà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí pé kò rí lẹ́ńsì tí ó ń bá a sọ̀rọ̀. Inú ètò kámẹ́rà ni a ti ń pàṣẹ fún un pé kí ó máa yà bí kò tilẹ̀ rí lẹ́ńsì. Bí ó bá ní ẹ̀rọ ìmúdúró, kí a kọ nọ́ńbà 500 sí i pẹ̀lú ọwọ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ bí ìgbọ̀n ọwọ́ ti pọ̀ tó. Ìyára kò yẹ kí ó kéré sí ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá bí ọwọ́ nìkan ni ó gbé kámẹ́rà. Bí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bá wà, kí a lò ó, kí a sì jẹ́ kí kámẹ́rà ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì lẹ́yìn títẹ bọ́tìnnì kí ó tó yà.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú. Òrùka lẹ́ńsì yìí máa ń yí kọjá àmì ohun tí ó jìnnà jù. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ooru àti òtútù ń mú kí agolo náà fẹ̀ tàbí kí ó sún kì, ibi ìpàdé ìmọ́lẹ̀ á sì yí padà díẹ̀; ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe é fi fi àyè sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ya òṣùpá kò gbọdọ̀ kàn yí i dé òpin kí ó fi í sílẹ̀. Kí ó sọ etí òṣùpá di ńlá lójú kámẹ́rà, kí ó sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ yóò fi yọ.

Oòrùn

Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí kan oòrùn ju ohunkóhun lọ. Lẹ́ńsì tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ òṣùpá jọ sí ojú kan yóò kó iná oòrùn jọ bákan náà. Lórí kámẹ́rà àtijọ́ oníhò tí ojú ń gbà wò tààrà, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tó láti fọ́ni lójú títí ayé. Lórí kámẹ́rà tuntun, ojú lè bọ́, nítorí pé àwòrán ni ó ń wò, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ lè jóná. Dígí dúdú ojú kò tó. Àfi àkànṣe ìdérí tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn, tí a sì dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Olùkọ́ tí ó bá gbé lẹ́ńsì yìí síwájú àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láìbò nínú oòrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tábìlì ni ó wà.

Àkótán

Ní àkótán, ìdí mẹ́ta pàtàkì nínú èyí tí wọ́n fi pa lẹ́ńsì onídígí tì, èyíinì ni òkùnkùn ojú-ihò, agbára fíìmù tí kò ṣeé yí padà, àti àṣìṣe tí a kì í mọ̀ títí ọjọ́ yóò fi lọ, kì í ṣe ti lẹ́ńsì; ti kámẹ́rà ni, wọ́n sì ti kúrò nílẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ ti lẹ́ńsì gan-an, bí òrùka wẹ́wẹ́ àti ihò ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣeé fẹ̀, ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́ńsì tuntun olówó gọbọi yóò ya ẹyẹ tí ń fò lójú ọ̀run dára jù ú lọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n fún òṣùpá, fún ẹyẹ tí ó bà sórí ẹ̀ka, fún eré ìje ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán gangan, èyí àtijọ́ tó.

Ilé-ìwé tí ó bá ní ọ̀kan nínú wọn ní ohun tí ó ju kámẹ́rà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi tọ́ọ̀ṣì wo dígí méjèèjì, kí ó tọ ipa ìmọ́lẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó ya òṣùpá, kí ó wọn àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi ìṣirò 110 yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà náà ni iṣẹ́ tí Maksutov rò lójú ọ̀nà Yoshkar-Ola ní 1941 yóò padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tìtorí wọn rò ó.